Odò Pàápàá Ní Orí: Àjọṣe Òkè, Ilẹ̀ àti Omi Nínú Ìrìnàjò Ọ̀ṣun

     

Iṣẹ́ tí a gbé lé wa lọ́wọ́ ni kí a sọ̀rọ̀ lórí òkè, ilẹ̀ àti omi, àti lórí àwọn agbára tí ó ń mọ wọ́n bí amọ̀kòkò ṣe ń mọ ìkòkò. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò. Bí a bá ní kí a máa ka òkè àti odò ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ yóò ṣú bá wa lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà, odò kan ṣoṣo ni a ó tẹ̀lé, láti ibi tí ó ti sun títí dé ibi tí ó ti wọ inú ọ̀sà. Odò náà ni Ọ̀ṣun. Kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ láàrin wa. A ń kí i, a ń wẹ̀ nínú rẹ̀, a ń bu omi rẹ̀ fún ọmọ mu. Ṣùgbọ́n omi tí a ń bù ní Òṣogbo yìí, níbo ni ó ti ń bọ̀? Kí ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa? Kí ni ó sì bá a rìn lọ́nà?

Ohun tí a fẹ́ fi yé ara wa kò ju ọ̀kan lọ. Odò ní orí, ó ní ọwọ́, ó ní ara, ó ní ẹsẹ̀. Ohun tí a bá ṣe sí orí rẹ̀, ara rẹ̀ yóò jẹ́rìí sí i. Ẹni tí ó bá ń bọ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí kò sì bìkítà fún Ọ̀ṣun ní Èkìtì àti ní Ìjẹ̀ṣà, ìdajì ìsìn ni ó ń ṣe.

Omi ni a kọ́kọ́ tẹ̀

Àwọn àgbà máa ń sọ pé omi ni à ń tẹ̀ kí á tó tẹ iyanrìn. Ìtàn ìṣẹ̀dá tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ sọ ohun kan náà. Wọ́n ní ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, omi ni gbogbo ìsàlẹ̀. Olódùmarè wá fi iyẹ̀pẹ̀ sínú ìkarahun ìgbín, ó fi adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún kún un, ó sì rán an wá sí ìsàlẹ̀. A da iyẹ̀pẹ̀ sórí omi, adìyẹ fi ẹsẹ̀ tàn án káàkiri, ilẹ̀ sì fẹ̀. Ọ̀gà ni ó kọ́kọ́ rọra fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà wò bóyá ó ti le. Ibi tí ilẹ̀ ti fẹ̀ ni a ń pè ní Ifẹ̀ títí di òní. Bóyá Ọbàtálá ni ó ṣe iṣẹ́ náà parí ni o, bóyá Odùduwà ni, àwọn àgbà ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́, a kò sì pe ara wa jọ lónìí láti dá ẹjọ́ náà.

Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ mú nínú ìtàn yìí. Èkíní, omi ṣáájú ilẹ̀ gbígbẹ. Èkejì, ńṣe ni a gbé ilẹ̀ wá, tí a sì tàn án. Ẹ̀kẹta, ilẹ̀ tuntun kì í le lójú ẹsẹ̀. A ní láti fi sùúrù tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá ti dúró níbi tí odò ti ń wọ inú ọ̀sà yóò rí ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lójúkojú. Odò gbé iyanrìn àti ẹrẹ̀ dé láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí eré omi dínkù, ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó sì ń tàn án sọ́tùn-ún sósì bí adìyẹ ṣe ń tan ilẹ̀. Koríko hù lórí rẹ̀, ẹyẹ bà lé e, gbòǹgbò dì í mú. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó di ibi tí ènìyàn lè gbé ẹsẹ̀ lé. A kò sọ pé ìtàn ìṣẹ̀dá àti ẹ̀kọ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ jẹ́ ohun kan náà. Oníkálùkù ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn tí ó fi ìtàn yìí lé wa lọ́wọ́ ti wo omi dáadáa kí wọ́n tó la ẹnu.

Òkè tí ó ń di iyanrìn

Níbo wá ni odò ti rí iyanrìn tí ó ń gbé? Ara òkè ni. Lábẹ́ ilẹ̀ Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ifẹ̀, Ìdànrè àti Òṣogbo, àpáta líle ni ó tẹ́ lọ bí ẹní. Púpọ̀ nínú akọ òkúta tí a ń rí ní orí òkè wọ̀nyí ti wà láti nǹkan bí mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn. Abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, nínú ooru ńlá, ni ó ti yọ́, ibẹ̀ náà ni ó sì ti tutù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dì. Ní àkókò náà, kò sí igi kan, kò sí ẹranko kan lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Nígbà tí a bá ń pe òkè ní àgbà, ẹ jẹ́ kí á mọ irú àgbà tí ó jẹ́.

Òpìtàn ni òkè Ìdànrè fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni a tì í sókè láti inú ilẹ̀ bí ìgbà tí àgbẹ̀ kọ ebè. Òjò ni ó gbẹ́ ẹ jáde. Omi òjò ń wọ inú àpáta láti ojú ibi tí ó ti sán. Níbi tí ojú sísán bá pọ̀ sí, àpáta jẹrà, ó di ilẹ̀ rírọ̀. Níbi tí kò bá fi bẹ́ẹ̀ sán, ó dúró gbọn-in. Òjò ọdún gbọọrọ wá ń ṣan ilẹ̀ rírọ̀ lọ, ohun tí ó le sì ń yọ orí jáde. Nígbà tí ẹrù tí ó wà lórí rẹ̀ kúrò, tí oòrùn ń gbóná sí i, tí òjò ń tutù sí i, ara rẹ̀ ń bó ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Ìdí nìyẹn tí orí òkè wọ̀nyí fi ń dán, tí wọ́n sì rí rìbìtì.

Ohun tí ó bó kò ṣègbé. Bí a bá wo akọ òkúta láti ìtòsí, a ó rí i pé kì í ṣe àwọ̀ kan. Apá kan funfun, ó le, ó ń dán. Èyí kì í jẹrà, òun ni ó ń di iyanrìn etídò. Apá kejì rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ń sọ ọ́ di amọ̀. Apá kẹta dúdú, irin wà nínú rẹ̀; irin náà dógùn-ún, ó sì fi àwọ̀ pupa kun ilẹ̀ wa. Nítorí náà, iyanrìn tí odò ń gbé, amọ̀ tí ìyá amọ̀kòkò fi ń mọ ìkòkò, àti ilẹ̀ pupa tí àwọn bàbá wa fi ń mọ ògiri, tí àwọn alágbẹ̀dẹ àtijọ́ sì ti ń wá òkúta irin, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Òkè ni ìyá wọn, òjò ni agbẹ̀bí.

Láàrin Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ìlà òkè kan wà tí àwọn ènìyàn mọ̀ mọ́ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Òkúta funfun líle yẹn ni ó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀; ìdí nìyẹn tí òjò kò fi tètè rí i jẹ. Láti ara òkè yìí ni omi Olúmirìn ti ń já wálẹ̀ ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, láti ìpele dé ìpele. Lára rẹ̀ náà ni omi gbígbóná Ìkọ́gòsì ti ń sun. Kò sí òkè oníná níbẹ̀. Omi òjò ni ó gba ojú sísán òkúta wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnà, níbi tí ara ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti gbóná, kí ó tó wá ọ̀nà jáde. Ibẹ̀ ni ó ti pàdé omi tútù, tí àwọn méjèèjì sì jọ ń ṣàn lọ.

Orí odò

Yorùbá kì í sọ ọ̀rọ̀ lásán. Ibi tí odò ti bẹ̀rẹ̀ ni a ń pè ní orísun: orí ni, ibẹ̀ ni ó sì ti ń sun. A ní etí odò, a ní ẹnu odò. Bí a ti ń pe ẹ̀yà ara ènìyàn ni a ń pe ẹ̀yà ara odò. Àwa tí a ń bọ orí kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé ohun tí orí bá yàn ni ẹsẹ̀ ń bá rìn.

Orí Ọ̀ṣun wà ní Ìgèdè-Èkìtì. Kí omi tó sun níbẹ̀, ó ti rin ìrìnàjò gígùn. Afẹ́fẹ́ láti orí òkun ni ó ru ọ̀rinrin wá sí ilẹ̀ wa. Ọ̀rinrin náà di ìkùukùu, ìkùukùu di òjò. Igi igbó náà ń mí ọ̀rinrin padà sí òfurufú, èyí sì ń ran òjò lọ́wọ́. Nígbà tí òjò bá rọ̀, ọ̀nà méjì ni omi lè gbà. Bí ilẹ̀ bá wà ní ìhòòhò, omi yóò sáré lórí rẹ̀, yóò di àgbàrá, yóò gbé iyẹ̀pẹ̀ lọ. Bí igi bá bo ilẹ̀, ewé yóò kọ́kọ́ gba òjò, ewé gbígbẹ tí ó bò ilẹ̀ yóò dá a dúró, gbòǹgbò yóò sì ṣí ọ̀nà fún un wọ ìsàlẹ̀.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan irú ilẹ̀ tí a ní. Àpáta líle kì í gba omi sára. Ohun tí ó ń bá wa tọ́jú omi ni ilẹ̀ jíjẹrà tí ó bo àpáta náà lórí, àti ojú sísán inú rẹ̀. Òun ni ìkòkò omi wa. Ní oṣù òjò, ìkòkò náà ń kún. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, ó ń jò díẹ̀díẹ̀ sínú odò. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀ṣun fi ń ṣàn nínú ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí òjò kò ti rọ̀ fún oṣù mélòó kan. Bí a bá gé igi orí òkè, tí àgbàrá gbé ilẹ̀ orí àpáta lọ, a ti fọ́ ìkòkò nìyẹn. Òjò lè máa rọ̀ bí ó ti ń rọ̀ tẹ́lẹ̀, odò yóò máa kún àkúnya nígbà òjò, yóò sì máa gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Láti Ìgèdè, Ọ̀ṣun kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà dé Òṣogbo àti Ẹdẹ, kí ó tó yí sí gúúsù. Kò dá rìn. Ẹ̀rinlẹ̀, tí a mọ̀ sí ọdẹ àti olóògùn, wá bá a ní agbègbè Ẹdẹ. Odò Ọbà náà wá bá a. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn orogún tí ó wà láàrin Ọbà àti Ọ̀ṣun ní ilé Ṣàngó, àti bí wọ́n ṣe ní omi máa ń bínú níbi tí wọ́n ti pàdé. Ẹni tí ó bá wo ibi tí odò méjì ti pàdé yóò rí i pé bẹ́ẹ̀ ni omi ń ṣe ní tòótọ́. Eré wọn kò dọ́gba, ọ̀nà tí wọ́n gbà wá kò dọ́gba, ẹrù tí wọ́n rù kò dọ́gba. Wọ́n ní láti jà díẹ̀ kí wọ́n tó di ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí, a sé odò náà ní Aṣẹ́jíire kí Ìbàdàn lè rí omi mu. Ó tún lọ, títí ó fi wọ inú ọ̀sà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Lékkì.

Ní ẹ̀yìn ọ̀sà ni òkun wà. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó pààlà láàrin wọn, iyanrìn ni, ìgbì òkun ni ó sì ń tò ó láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì to òkúta wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀nà ọ̀sà Èkó, kí ọkọ̀ ojú omi ńlá lè rí ọ̀nà wọlé. Ọ̀nà là fún ọkọ̀, ṣùgbọ́n òkúta náà dí iyanrìn lọ́nà. Ilẹ̀ ń ga sí i ní apá ìwọ̀-oòrùn. Ní apá ìlà-oòrùn, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etíkun Bar Beach wọlé lọ́dọọdún. Ẹ̀kọ́ tí odò fi kọ́ wa ni òkun náà fi kọ́ wa: ọwọ́ tí a gbé síhìn-ín, ibòmíràn ni yóò ti dáhùn.

Àdéhùn Lároòyè

Àwọn ará Òṣogbo sọ bí ìlú wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Tìmẹ́hìn ọdẹ àti Lároòyè kó àwọn ènìyàn wọn wá sí etí Ọ̀ṣun nítorí ọ̀dá omi. Wọ́n gé igi, igi wó sínú omi, ohùn sì jáde láti inú odò pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀ṣun bá Lároòyè dá àdéhùn. Ó ní kí wọ́n kúrò ní etídò, kí wọ́n lọ tẹ̀dó sí ibi tí ilẹ̀ ti ga. Òun yóò dáàbò bò wọ́n, wọn yóò sì máa bọ òun lọ́dọọdún. Ẹja jáde wá gba ẹbọ, Lároòyè na ọwọ́ gbà á. Láti inú èyí ni a ti rí orúkọ oyè Àtàọ́ja.

Ẹ jẹ́ kí á wo àdéhùn yìí pẹ̀lú ojú ẹni tí ó mọ odò. Gbogbo odò ni ó ní ilẹ̀ méjì: èyí tí omi ń gbà lójoojúmọ́, àti èyí tí ó ń tẹ́ ara sí nígbà tí ó bá kún. Ẹni tí ó bá kọ́lé sí èkejì, inú yàrá odò ni ó kọ́ ọ sí. Ohun tí Ọ̀ṣun sọ fún Lároòyè ni pé kí ó fi yàrá òun sílẹ̀ fún òun. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì fi igbó sí i. Nínú igbó náà, a kì í pa ẹran, a kì í pa ẹja, a kì í gé igi, a kì í dá oko. Èèwọ̀ ni a pe àwọn òfin wọ̀nyí, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń ṣe hàn kedere. Igi di etí odò mú kí ó má baà wó, igbó sẹ́ ẹrẹ̀ kúrò nínú àgbàrá ìgboro, òjìji rẹ̀ sì mú omi tutù fún ẹja láti yé.

Ibòmíràn ti rí òdìkejì rẹ̀. Ní Ìbàdàn, àwọn ènìyàn kọ́lé sún mọ́ Ògùnpa, wọ́n sì da ìdọ̀tí sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò ńlá rọ̀, Ògùnpa wá gba yàrá rẹ̀ padà. Ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un.

Igbó Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ kì bá ti ṣẹ́kù bí kì í bá ṣe àwọn tí ó dúró tì í. Ní àárín ọ̀rúndún tí ó kọjá, nígbà tí àwọn kan ti ń gé igi rẹ̀, tí wọ́n sì ń ta ilẹ̀ rẹ̀, àwọn olórìṣà, àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo, àti Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Ọ́stríà tí gbogbo wa mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ni ó jọ gbà á sílẹ̀. Ní ọdún 1965, ìjọba àpapọ̀ sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin dáàbò bò. Ní ọdún 2005, UNESCO kọ orúkọ igbó náà, tí ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Àdùnní kú ní ọdún 2009. Igbó ṣì wà.

Ohun tí igbó kò lè nìkan ṣe

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti lọ sí Òṣogbo ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí yóò ti rí ohun kan tí ó ń bà wá nínú jẹ́. Omi Ọ̀ṣun ti pọ́n bí omi amọ̀. Kì í ṣe inú igbó náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Láti òkè ni ọ̀ràn ti ń bọ̀.

Wúrà wà nínú òkúta ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní àgbègbè Ìtagùnmódì, Ìpérindó àti Igun. Agbára kan náà tí ó ń sọ òkè di iyanrìn ni ó tú wúrà náà sílẹ̀. Òjò ṣan án, odò gbé e, ṣùgbọ́n nítorí pé wúrà wúwo ju iyanrìn lọ, odò tètè sọ ọ́ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àfonífojì. Nítorí èyí, ẹni tí ó bá ń wá a, inú odò gan-an àti etí rẹ̀ ni ó ń gbẹ́. Àwọn awakùsà ń tú ilẹ̀ etídò, wọ́n ń fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n sì ń dá ẹrẹ̀ padà sínú àwọn odò kéékèèké tí ó jẹ́ ọwọ́ Ọ̀ṣun. Ẹrẹ̀ tí ìbá gba odò ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó gbé, ọjọ́ díẹ̀ ni a fi dà á sí i lára. Ó ń dí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ó ń dí ìjàgbọ̀n ẹja, ó sì ń kún ìsàlẹ̀ odò tí omi kò fi ní ríbi gbà nígbà òjò.

Ẹrẹ̀ ṣì ni èyí tí ojú rí. Lágbàáyé, ọ̀pọ̀ awakùsà kéékèèké ń lo mẹ́kúrì, irin tí ó ń ṣàn bí omi, nítorí pé ó ń lẹ̀ mọ́ wúrà. Wọn yóò fi iná yọ mẹ́kúrì náà kúrò. Apá kan bá èéfín lọ, apá kan wọ odò. Nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, ó ń yí padà di irú èyí tí ó ń wọ ara ẹja; ẹja ńlá jẹ ẹja kékeré, ènìyàn jẹ ẹja ńlá, ó sì ń pọ̀ sí i ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ọpọlọ ni ó ń bà jẹ́, ọmọ inú oyún ni ó sì ń ṣe ní jàǹbá jù lọ. Àwọn tí ó yẹ omi Ọ̀ṣun wò ti kìlọ̀ pé irin olóró wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣun ni àwọn àgàn ti ń tọrọ ọmọ. Omi tí a ń tọrọ ọmọ lọ́dọ̀ rẹ̀ kò yẹ kí ó di omi tí yóò pa ọmọ lára, ọwọ́ ènìyàn sì ni yóò sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ Ọ̀ṣun.

Ìsìn tí ó dé orísun

Kí ni ó wá kàn wá? A ó sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ ni mímu. Títí omi náà yóò fi mọ́, kí á má ṣe mu ún, kí á má sì bù ú fún aboyún tàbí ọmọ ọwọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun yóò sè é. Ìná ń pa kòkòrò inú omi, kò lè lé irin olóró kúrò. Bí álọ́ọ̀mù bá mú kí ẹrẹ̀ rọlẹ̀, tí omi sì dán lójú, èyí kò fi hàn pé oró ti kúrò nínú rẹ̀. Omi kànga tí ó mọ́ tàbí omi òjò ni kí á lo fún mímu, kí á sì fi ẹnu àti ọkàn kí Ọ̀ṣun létí odò. Ìyá kì í bínú sí ọmọ tí ó dáàbò bo ara rẹ̀.

Èkejì ni ohun tí àwa fúnra wa ń jù sínú omi. Ẹbọ àtijọ́ jẹ́ ohun tí ilẹ̀ àti omi lè gbà: oyin, ẹ̀kọ, èkuru, àkàrà, tí a fi ewé dì. Ọ̀rá, ike àti ìgò kì í ṣe ẹbọ. Ìdọ̀tí ni wọ́n. Àwọn ọmọ wa ní òkè òkun ti ń ronú lórí èyí. Ní Salvador ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí wọ́n ti ń gbé ẹ̀bùn lọ fún Yemọja lójú òkun ní ọjọ́ 2 oṣù kejì lọ́dọọdún, àwọn olórìṣà ti ń rọ ara wọn láti fi ohun tí ó lè jẹrà nìkan ṣe ọrẹ. Ọ̀ṣun tí a ń kí ní Cuba àti ní Brazil, láti ilẹ̀ yìí ni orúkọ rẹ̀ ti lọ. Kò ní dára kí àwọn tí ó gba ìsìn lọ́wọ́ wa máa tọ́jú omi ju àwa tí a ni orísun.

Ẹ̀kẹta ni ó tóbi jù. Èèwọ̀ etí odò kò gbọdọ̀ parí sí ẹnu igbó Òṣogbo. Láti Ìgèdè dé Ẹ̀pẹ́, ìlú tí Ọ̀ṣun kọjá pọ̀, gbogbo wọn ni ó sì ní ọba, ìjòyè àti awo. Kí àwa awo bá àwọn ọba wa sọ̀rọ̀, kí etídò kọ̀ọ̀kan ní igbó tirẹ̀ tí a kò ní dá oko, tí a kò ní wa kùsà nínú rẹ̀. Kí á bá ìjọba sọ̀rọ̀, kí òfin tí ó wà lórí ìwakùsà dé ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀. Kí á má sì gbàgbé pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó wà nínú kòtò wọ̀nyí, ebi ni ó tì wọ́n débẹ̀. Ẹni tí yóò bá lé wọn kúrò ní láti ronú iṣẹ́ tí wọn yóò máa ṣe. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbin igi tí ilẹ̀ wa mọ̀ sí etí odò tí ó sún mọ́ ọn, ìrókò, àràbà, ayùnrẹ́, kí ó sì máa tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú ojúbọ. Gbòǹgbò igi kan tí ó di etídò mú wúlò fún Ọ̀ṣun ju ọ̀pọ̀ ariwo lọ.

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Odò kì í gbàgbé. Ojoojúmọ́ ni omi tuntun ń ti orí rẹ̀ wá. Àwa tí ó dúró sí ìsàlẹ̀ ni a lè gbàgbé, ọ̀rọ̀ náà sì ń bá wa wí.

Kí òjò rọ̀, kí ilẹ̀ gbà á. Kí òkè dúró, kí igi bò ó lórí. Kí Ọ̀ṣun tún mọ́, kí ọmọ wa rí i mu. Kí Ọ̀rúnmìlà gba ọdún yìí lọ́wọ́ wa, kí a sì ṣe ti ẹ̀ẹ̀mí-ìn pẹ̀lú ẹsẹ̀ pípé. Àṣẹ.